Ibi Tí Omi Dé Lára Ògiri

Ọmọ mi,

Nígbà tí o wá bá mi ní Sátidé tó kọjá, o gbé fóònù rẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n wo àwòrán ilé mẹ́rìnlá. O ní gbogbo wọn ló wà níkàáwọ́ rẹ. Láti Kétu dé Ìkòsì, láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Owódé Onírin, kò sí irú ilé tí èèyàn ń wá tí o kò ní bá a rí. Mo bi ọ́ pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, mélòó lo ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ wọ̀? O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, òun náà ló mú mi jókòó ti bírò lónìí.

Mi ò ní kí o má ṣe ajẹ́ńtì. Iṣẹ́ tó bọ́ mi láti ìgbà tí ilé onírúùmù kọ̀ọ̀kan ṣì pọ̀ ju fúláàtì lọ ládùúgbò yìí, tó sì rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ pé kò dára. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ohun tí à ń tà. O rò pé ilé là ń tà, ṣùgbọ́n onílé ló ni ilé. Ohun tí àwa fi ń gba kọmíṣàn ni ohun tí a mọ̀ nípa ilé náà, tí ẹni tó fẹ́ sanwó kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ kí owó tó jáde lápò, ajẹ́ńtì nìyẹn. Ẹni tó bá ń dúró kí owó kọjá kó tó lanu, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́.

Dìde lọ́jọ́ kan kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń já tòmátì ní ọjà Mile 12. Ọkọ̀ á ti Kánò àti Kàdúná dé lóru, apẹ̀rẹ̀ á tò lọ rẹrẹ. Àgbẹ̀ tó ni ọjà wà lókè ọya lọ́hùn-ún, kò bá ọjà rẹ̀ wá. Dìláàlì ló ń bá a tà á. Ó ń yọ tirẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí olóhun. Ajẹ́ńtì bíi tìrẹ ni. Àmọ́ bí tòmátì ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ bá ti rà, kó tó di ọ̀sán ni alátà tó rà á yóò ti gbé e padà wá dà sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Irọ́ tòmátì kì í sùn mọ́jú. Irọ́ ilé ló lè sùn láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹwàá, títí omi yóò fi wá jí i. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tiwa fi le ju ti dìláàlì lọ: àyè irọ́ gbòòrò, kò sì sí ẹni tí yóò ká wa mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, nínú ọyẹ́, onílé kan pè mí sí ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú nítòsí wa níbí, kì í ṣe ti ọ̀nà Àpápá. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹni tó ń kun ilé wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti kun ẹ̀gbẹ́ kan tán. Lára ẹ̀gbẹ́ kejì tó kù, ìlà kan fà gbọọrọ yíká yàrá, ó ga tó ìbàdí mi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúdú ju òkè lọ. Mo mọ ohun tó jẹ́. Onílé rí i pé mo ń wò ó, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn ti pẹ́." Mi ò bi í pé ó ti pẹ́ tó ìgbà wo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo mú obìnrin kan tó ń ta ata rodo lọ́jà lọ síbẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Ó wo ògiri, ó ní ọ̀dà rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó san owó ọdún kan, mo gba kọmíṣàn mi.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta. Odò Ọ̀yán ń wọ inú odò Ògùn, odò Ògùn sì ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lọ sí ọ̀sà. Omi kún Ajégúnlẹ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn kan fi ń wọlé wọn. Ìjọba ṣí àgọ́ fún àwọn tó sá jáde, ní Agbówà. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin náà wọ ìsọ̀ mi. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó fi rìsíìtì owó ilé sínú ọ̀rá, ó dì í mú gírígírí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ṣùgbọ́n kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

Ó wò mí títí, ó ká ọ̀rá rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò rí i ní ìlà àwọn alátà mọ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún ọ yìí, inú ìbéèrè obìnrin yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má gbé àwòrán ilé tí o kò tíì wọ̀ síta. Tí o bá sì wọ ilé ládùúgbò wa, má jẹ́ kí síìlíǹgì àti táìsì gbà ọ́ lọ́kàn. Ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri. Tí ọ̀dà bá ń ṣí, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ bá ń hù lára rẹ̀, omi ń gun ògiri náà láti ilẹ̀ wá. Tí ọ̀dà bá jẹ́ tuntun láti ilẹ̀ dé ìbàdí, tí òkè sì ti gbó, bèèrè ìdí. Wo ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀ lára ògiri: tí wọ́n bá gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnì kan ti fi ojú rí nǹkan níbẹ̀. Wo ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò, bóyá wọ́n mọ ògiri kékeré síwájú ilẹ̀kùn. Tí o bá sì rí i pé bẹ́ẹ̀dì wọn ń gun búlọ́ọ̀kù, wọn kò nílò láti sọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, kúrò lọ́dọ̀ onílé, kí o lọ bá màlámù tó ń tajà ní ìkóríta tàbí ìyá tó ń din àkàrà. Rà díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Má bi wọ́n pé ṣé omi máa ń wọ ibẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́. Ohun tí wàá bi wọ́n ni pé, "Omi èṣí, ibo ló dé?" Wọn á na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ara wọn láti fi hàn ọ́: ọrùn ẹsẹ̀ ni, orúnkún ni, tàbí itan. Ìmọ̀ yẹn ju gbogbo ohun tí onílé yóò sọ fún ọ lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ kò fi í pamọ́. Lẹ́ẹ̀mélòó ni wọ́n ti kéde lórí rédíò pé kí àwọn ará Kétu, Owódé Onírin, Ajégúnlẹ̀ àti Mile 12 tó ń gbé létí omi tètè gòkè nígbà tí odò Ògùn bá ń kún? Ohun tí ìjọba ń kéde, ṣé ìwọ ajẹ́ńtì ni yóò wá sọ ọ́ di awo?

Omi nìkan kọ́. Ilé tó o fẹ́ fún èèyàn, lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: láàárọ̀ kùtù, lọ́sàn-án, àti lóru. Àárọ̀ ni wàá mọ iye ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ yóò fi rìn dé ibùdókọ̀ BRT, èyí tó ti ń kó èrò láti Mile 12 lọ sí Èkó láti ọdún 2008, àti bóyá ọ̀nà ibẹ̀ ṣeé rìn lẹ́yìn òjò. Òru ni wàá gbọ́ ariwo ọkọ̀ tó ń já ọjà lẹ́yìn fẹ́ǹsì àti jẹnẹrétọ̀ alájọgbé. Ọ̀sán ni wàá gbọ́ òórùn ọjà tó ti bàjẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síbẹ̀. Bèèrè bóyá mítà iná jẹ́ ti yàrá náà tàbí ti gbogbo ilé, bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, àti èèyàn mélòó ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

O lè rò pé tí o bá sọ gbogbo èyí, ẹnikẹ́ni kò ní gba ilé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ohun tí mo wá rí ni pé àléébù kò dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Ilé tí ọkọ̀ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ lóru yóò lé akọ̀wé báńkì sá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń ta àlùbọ́sà ń wá, torí aago mẹ́ta òru ló ń jí lọ gba ọjà. Níbi tí omi ti ń wọlé, ẹni tó ní ọmọ kékeré kò ní fẹ́ yàrá ilẹ̀, yóò fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tí o bá fi àléébù pamọ́, o ti sọ ara rẹ di ẹni tí kò lè mọ ilé tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí o bá sọ ọ́, àwọn tí kò yẹ á lọ, ẹni tó yẹ á dúró, kò sì ní bá ọ jà.

Ó kan onílé. Kó tó di pé o mú ẹnikẹ́ni lọ wo ilé, mọ ẹni tó ni ín. Wàá rí i lára ògiri káàkiri Kétu pé wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí ẹ ṣọ́ra fún 419. Ẹni tó kọ ọ́ kò ya wèrè; ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ayálégbé rẹ̀ ti gbìyànjú rẹ̀ rí ni. Bí ẹnì kan bá ní òun lòun ni ilé, ní kó fi ìwé hàn ọ́, kí orúkọ inú ìwé sì bá orúkọ ara rẹ̀ mu. Bí ó bá jẹ́ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, béèrè ẹni tí ẹbí yàn láti máa gba owó. Gba ìwé kékeré lọ́wọ́ wọn tó sọ pé ìwọ ni wọ́n gbé ilé lé lọ́wọ́, iye tí wọ́n fẹ́ gbà, àti iye tí wọn yóò fún ọ. Ìwé ojú ewé kan péré ni, àmọ́ òun ni yóò gbà ọ́ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bàbá méjì bá ń jà lórí owó tó gba ọwọ́ rẹ kọjá.

Nísinsìnyí, owó. Gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ti ṣubú nìyí. Owó ilé tó wọ ọwọ́ rẹ kì í ṣe owó rẹ. Má jẹ́ kó sùn pẹ̀lú tìrẹ nínú àkáǹtì kan náà. Ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó onílé, kí o sì san án fún un láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ajẹ́ńtì tó ń fi owó onílé A san gbèsè onílé B, kò pẹ́ tí yóò fi gba owó yàrá kan lọ́wọ́ èèyàn méjì. Lẹ́yìn náà yóò di mẹ́fà, fóònù rẹ̀ á kú, wọ́n á sì máa wá a káàkiri Ìkòsì pẹ̀lú ọlọ́pàá. Òfin tó de irú jìbìtì bẹ́ẹ̀, ti ọdún 2006, kò mọ owó ìtanràn: ẹ̀wọ̀n ni, ọdún méje ó kéré tán, ó sì lè tó ogún.

Má gbà ju bí òfin ti wí lọ fún onílé náà. Láti ọdún 2011 tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ti buwọ́ lu òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó, onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ni òfin ń bá wí. Òfin yẹn yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Kosofe tiwa níbí. Ó sì sọ pé kí ayálégbé gba rìsíìtì. Nínú rìsíìtì tìrẹ, kọ ọjọ́, orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà yóò gbé e dé. Ìwé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, òun ni obìnrin alátà ọjọ́sí dì mú nínú ọ̀rá.

Kọmíṣàn ńkọ́? Ohun tó mọ́ wa lára ni ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ajẹ́ńtì, àti ìdá mẹ́wàá mìíràn fún agírímẹ́ǹtì. Bí yàrá àti pálọ̀ bá jẹ́ ₦600,000 lọ́dún, ayálégbé á mú ₦720,000 wá, ká má tíì ka owó kọ́ṣọ̀n. Ní báyìí, àwọn kan ti sọ ọ́ di ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di ogún. Àbá òfin tuntun tí wọ́n gbé síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ní 2025 fẹ́ kí ajẹ́ńtì má gbà ju ìdá márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló ń bínú sí i. Èmi ń bi wọ́n pé ta ló fà á? Bí a bá ti ń sọ ohun tí a mọ̀ fún ayálégbé, kò sẹ́ni tí yóò kà á sí pé a jẹ́ olè. Iyekíye tí òfin bá fọwọ́ sí, sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí o tó mú èèyàn wọ ilé kankan. Kọ ọ́ sórí WhatsApp: owó ilé jẹ́ báyìí, tèmi jẹ́ báyìí, ti agírímẹ́ǹtì jẹ́ báyìí, ti kọ́ṣọ̀n tí wọn yóò dá padà jẹ́ báyìí. Àròpọ̀ rẹ̀ nìyí. Owó tí a gbọ́ ní ìparí máa ń dàbí olè, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́.

Owó wíwo ilé tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbà báyìí ń kọ mí lóminú. Mo mọ̀ pé epo wọ́n, mo mọ̀ pé ẹni tó ń rìn kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ tí o bá gbà á, kó jẹ́ lórí ilé tí o mọ̀ pé ó ṣófo lóòótọ́ lónìí, kí o sì yọ ọ́ kúrò nínú kọmíṣàn tó bá gba ilé. Ẹni tó ń gba owó wíwo ilé lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá lórí yàrá tí ẹnì kan ti kó sí láti oṣù tó kọjá kò sí nínú iṣẹ́ wa mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ajẹ́ńtì mìíràn ló ní ilé, tí ìwọ ní ayálégbé, ẹ pín kọmíṣàn yín lórí ìwé kí ẹ tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí ọ̀rẹ́ ogún ọdún tó lu ara wọn lójú ayálégbé lórí ẹ̀tọ́ tí wọn kò sọ ṣáájú. Ohun mìíràn tún wà: tó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni ó fẹ́ wo ilé, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí o sì sọ fún un pé kó mú ẹnì kan dání. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ní arábìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, sọ èyí fún òun náà nípa àwọn oníbàárà ọkùnrin.

Onílé yóò tún bẹ̀ ọ́ sí iṣẹ́ tí kò sí nínú iṣẹ́ rẹ. Wàá gbọ́ ọ: "Mi ò fẹ́ Haúsá. Mi ò fẹ́ Ìgbò. Mi ò fẹ́ obìnrin tí kò lọ́kọ." Ní Mile 12 yìí kẹ̀! Níbi tí tòmátì ti ń ti Kánò wá, tí àlùbọ́sà ń ti Sókótó wá, tí iṣu ń ti Bẹ́núé wá, tí gbogbo wa ń jẹun lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2016, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbí, tí ẹ̀mí lọ sí i, tí ìjọba sì ti ọjà pa, mo rí i bí ebi ṣe wọ ilé Yorùbá àti ilé Haúsá láìbéèrè èdè. Má bá onílé jà, àgbà ni. Bi í pé, "Bàbá, kí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín gan-an?" Ìgbà mìíràn, ayálégbé kan ni kò sanwó fún un rí, ó wá fi gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ san gbèsè ẹni kan. Fi iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe hàn án, mú oníduùró wá, jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn kí wọ́n sì sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Bí kò bá rọ̀, sọ òtítọ́ fún ayálégbé ní pẹ̀lẹ́ kó má baà san owó ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí o sì wá ilé mìíràn fún un.

Onílé kan náà lè pè ọ́ lọ́dún kejì pé kí o bá òun lé ayálégbé jáde. Kó tó pè ọ́ ni kí o ti mọ ìdáhùn. Bí kò bá sí ohun mìíràn nínú àdéhùn wọn, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, ti olóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́. Ṣíṣí páànù, yíyọ ilẹ̀kùn, gígé iná, dída ẹrù sí gbangba, gbogbo rẹ̀ ló lè sọni sẹ́wọ̀n lábẹ́ òfin 2011 yẹn. Kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè pé ta ló rán ọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná, darí àwọn méjèèjì sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti pẹ̀tù sí aáwọ̀ onílé àti ayálégbé láti ọdún 1999.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títà, mo fẹ́ kí o sún un síwájú ná. Mo mọ̀ pé kọmíṣàn rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lójú. Àmọ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ ju yàrá lọ. Láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ará ìlú, kò sì sí títà tó pé láìsí àṣẹ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, tí ọmọ ẹbí kan dá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ẹ̀ka létí, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fà á ya. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí irú ẹjọ́ ẹbí bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé kóòtù Èkó. Nítorí náà, kò sí ilẹ̀ tí o gbọdọ̀ polówó láìjẹ́ pé súfíọ̀ ti mú pláànù rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Súfíọ̀ Àgbà ní Aláùsá láti wò ó bóyá ìjọba ti gbà á, kí lọ́yà sì ti wá ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ilẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ onílẹ̀ bá ní kí oníbàárà rẹ wá san owó ìpìlẹ̀, òfin tí Gómìnà Ambode buwọ́ lù ní 2016 ti kọ̀ ọ́. Sọ ìyẹn náà fún oníbàárà, kó mọ̀ kó tó gbé símẹ́ǹtì wá.

Fún ara tìrẹ, fi orúkọ sílẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa l'Ékòó ni LASRERA, òfin 2022 ló gbé e dúró. Gba nọ́ńbà wọn, kí o jẹ́ kí oníbàárà rí i. Tí o bá ti ń ta ilé àti ilẹ̀, fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí lábẹ́ EFCC, má sì gba owó ní kẹ́ẹ̀ṣì tó ju ₦5,000,000 lọ lọ́wọ́ ẹnì kan, torí òfin kò gbà á. Báńkì ni kó gbà. Má pe ara rẹ ní estate surveyor. Àwọn tó kàwé rẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn láti 1969, òfin sì ti dá ìgbìmọ̀ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ sílẹ̀ láti 1975. Bí iṣẹ́ náà bá wù ọ́ dé góńgó, lọ kà á. Ọjọ́ orí rẹ ṣì gbà á. Títí dìgbà náà, ajẹ́ńtì ni ọ́, orúkọ náà sì tó láti fi ṣe èèyàn gidi.

Mo ti gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà yìí kí n tó parí rẹ̀, torí mo ń rántí obìnrin yẹn. N kò mọ ibi tó wà. Ká ní ó wọlé wá nísinsìnyí pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, n kò ní owó tí yóò tán ohun tó pàdánù, ṣùgbọ́n mo ní èsì tí mo jẹ ẹ́: mo mọ̀.

Lọ́la, wọ bàtà tí ẹrẹ̀ kò lè bà jẹ́, kí o lọ sí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó wà lórí fóònù rẹ. Fi ọwọ́ pa ògiri wọn. Bèèrè ibi tí omi dé. Sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára sí i, kí ẹni tó ń wá ilé kà á kó tó pè ọ́. Tó bá ku mẹ́ta péré nínú mẹ́rìnlá, mú mẹ́ta yẹn wá hàn mí ní Sátidé. Mo fẹ́ kí o tà wọ́n.